Amarone ti Valpolicella: ṣé ọtí yìí tó iye tí wọ́n ń tà á?

Wáìnì pupa láti Ítálì ni Amarone, àwọn òkè Valpolicella lẹ́bàá ìlú Verona ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n ti ibi owó bẹ̀rẹ̀, torí òun ló máa ń já ènìyàn láyà. Ní Verona tí mo ń gbé, Amarone tó ṣe é mu kì í sábà dín ní yúrò 25, àwọn ilé iṣẹ́ wáìnì tó lórúkọ sì ń gba ìlọ́po méjì rẹ̀.

Iṣẹ́ ló gbówó lé e. Corvina, Corvinone àti Rondinella ni àjàrà tí wọ́n ń lò jù, láti orí àwọn òkè náà. Tí wọ́n bá ká a tán ní oṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá, wọn kì í fún oje rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n á tẹ́ ṣírí rẹ̀ sórí àtẹ ọparun tí wọ́n ń pè ní arele (àpótí oníke ni ọ̀pọ̀ ń lò báyìí), wọ́n á ṣí fèrèsé sílẹ̀ fún atẹ́gùn. Kì í ṣe inú oòrùn bí ẹni sá èlùbọ́ o, inú ibòòji ni, fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin. Bó bá fi máa gbẹ, ìdá mẹ́ta ìwọ̀n rẹ̀ ti lè dín ní ìdá kan. Oje tó kù á ki, ṣúgà rẹ̀ á pọ̀, ìwúkàrà á sì rọra jẹ ẹ́ di ọtí nínú òtútù. Ìdí nìyẹn tó fi ń le tó 15% tàbí 16%.

Mo lọ sí ilé iṣẹ́ wáìnì kan ní Fumane, ìlú kan ní Valpolicella, nígbà tí àtẹ ṣì kún. Màmá tó ń mú wa kiri òkè àjà ń sọ̀rọ̀ lọ, ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́: gbogbo hóró tó ti bu ló ń já sọnù, torí ọ̀kan lè ba àwọn yòókù jẹ́. Ibẹ̀ dára gan-an. Ibi ìtọ́wò ló kù díẹ̀ káàtó. Yàrá náà gbóná, ọ̀pá búrẹ́dì wẹ́wẹ́ sì ni gbogbo ìpápánu tí wọ́n gbé síwájú wa. Ọtí 16%, inú òfìfo!

Ọtí náà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ó pọ́n dúdú, ó ki, ó ń rùn bí èso gbígbẹ àti kòkó, ó máa ń korò díẹ̀ ní ìparí. Mo fẹ́ràn ìkorò yẹn. Ẹran màlúù tó sè pẹ́ tàbí wàràkàṣì Monte Veronese tó ti gbó ló bá a mu. Ẹ má mu ún pẹ̀lú ọbẹ̀ aláta. Ṣe ni líle rẹ̀ ń fẹ́ iná sí ata lẹ́nu.

Ohun kan ń bí mi nínú lára ìgò: àwọn tó ń kọ ọ́ pé láti ayé Róòmù ni Amarone ti wà. Lóòótọ́, Cassiodorus, ìjòyè Theodoric tó jẹ ọba ní Ítálì, kọ̀wé ní ọ̀rúndún kẹfà láti béèrè wáìnì àjàrà gbígbẹ Verona fún tábìlì ọba. Ṣùgbọ́n ọtí dídùn nìyẹn, baba Recioto, wáìnì dídùn Valpolicella. Amarone tí kò dùn, ọmọ ọ̀rúndún ogún ni. Ọdún 2010 ló sì gba DOCG, òǹtẹ̀ tó ga jù tí Ítálì ń fún wáìnì.

Ẹ wo òǹtẹ̀ náà lọ́rùn ìgò kí ẹ tó sanwó. Ẹ tún wo ọdún. Òfin ní kó pé ọdún méjì kó tó jáde, mẹ́rin fún Riserva (èyí tí wọ́n tọ́jú pẹ́), àmọ́ èmi kì í ra èyí tí kò tíì pé mẹ́fà. Ẹ ṣí i sílẹ̀ díẹ̀ kí ẹ tó mu ún. Èyí tí wọ́n bá ń tà ní yúrò 15, ẹ fi sílẹ̀. Adùn àti líle lásán ló máa ń wà nínú rẹ̀.

Owó tèmi, Ripasso ni mo sábà ń fi ń rà. Wọ́n ń da wáìnì Valpolicella sórí èèpo àjàrà tó ṣẹ́ kù lára Amarone kó tún hó lẹ́ẹ̀kan sí i, ara rẹ̀ á sì nípọn. Bí ìdajì owó ni, ó sì rọrùn láti fi jẹun ọjọ́ Sunday. Ẹni tó bá fẹ́ ọtí dídùn ní tirẹ̀, kó béèrè Recioto. Wọ́n sábà máa ń tà á ní ìgò kékeré.