Àgbo àti losartan: mo ti lo méjèèjì fún ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ gbọ́ ti kíndìnrín

Ká má fọ̀rọ̀ gùn, losartan gba máàkì 4 nínú 5 lọ́wọ́ mi, àgbo gba 2. Àwọn tó ń ta àgbo, ọ̀rọ̀ BP nìkan ló wà lẹ́nu wọn ṣáá, á wálẹ̀ á wálẹ̀, kò sẹ́ni tó ń bèèrè pé báwo ni kíndìnrín ẹ.

BP mi wálẹ̀ díẹ̀ lóòótọ́ nígbà tí mò ń mu àgbo, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ nígbà tí wọ́n yẹ ìtọ̀ mi wò, purotéènì ṣì ń jò jáde bó ṣe ń jò tẹ́lẹ̀, àmì pé nǹkan ń ṣe kíndìnrín nìyẹn, bẹ́ẹ̀ sì rèé ara mi le koko, torí kíndìnrín kì í dunni tó bá ń bàjẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀. Èyí tó wá bí mi nínú jù ni pé kò sí nǹkankan lára ike ẹ̀ tó sọ ohun tí wọ́n pò síbẹ̀. Ní Bẹ́ljíọ̀mù láàárín ọdún 1990 sí nǹkan, egbòogi tí wọ́n fi ń dín sísanra kù ba kíndìnrín àwọn obìnrin tó lé ní 100 jẹ́, májèlé inú ewéko kan tó ń jẹ́ aristolochic acid ló wà nínú ẹ̀, egbò igi gidi náà ni o, kì í ṣe kẹ́míkà ilé iṣẹ́!

Lisinopril, oògùn BP mìíràn, ni dókítà kọ́kọ́ fún mi, ikọ́ gbígbẹ ò jẹ́ n sùn, ló bá yí i sí losartan, ikọ́ lọ. Àwọn méjèèjì máa ń dín agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti asẹ́ inú kíndìnrín kù, ìdí nìyẹn tí purotéènì inú ìtọ̀ mi fi dín kù. Amlodipine náà ń fa BP wálẹ̀ dáadáa, àmọ́ kò ṣe tó losartan níbi ti purotéènì, ó sì máa ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ wú. Tí creatinine yín (ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tí kíndìnrín máa ń sẹ́ jáde) bá gòkè díẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ losartan ẹ má sá, àwọn dókítà máa ń fara mọ́ ọn tí ò bá ti ju ìdá 30 nínú 100 lọ. Máàkì kan tí mo yọ, ti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lemọ́lemọ́ ni, aláboyún ò sì gbọ́dọ̀ lò ó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń da àgbo àti losartan pọ̀, ẹ sọ fún dókítà yín o, losartan ń gbé potassium (èròjà kan bí iyọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀) sókè, egbòogi mìíì náà kún fún un, tó bá sì pọ̀ jù ọkàn lè dáṣẹ́ sílẹ̀.