Kíránkì báìkì tó fẹ́ sáré: èwo ló yẹ kẹ́ ẹ fowó yín rà?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bi mí látọjọ́ yìí, mo ti jókòó kọ ọ́ o. Tẹ́ ẹ bá ti ki pístìnì ńlá bọ inú CG125 yín, tẹ́ ẹ tún kábúrétọ̀ ṣe, tí báìkì wá ń ké lálá lórí Ìkòròdù Road, kíránkì tó wà nísàlẹ̀, irin tó ń sọ lílọ sókè sísàlẹ̀ pístìnì di yíyí, ló ń jẹ gbogbo ìyà yẹn, ibẹ̀ gan-an ló sì yẹ kówó kọ́kọ́ lọ.

Bó ṣe rí nìyí. Kíránkì báìkì onísílíńdà kan, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe irin kan ṣoṣo. Irin rọ̀bọ̀tọ̀ méjì ni, pínì kan ló so wọ́n pọ̀, orí pínì yẹn ni kọnróòdù, ọ̀pá tó so pístìnì mọ́ kíránkì, ń yí lé. Kò sí bọ́ọ̀tì, kò sí kíì, ẹ̀rọ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ wọ inú ihò, bó ṣe fún mọ́nú ihò yẹn nìkan ló dì í mú. Bí kọ́ńpìnnì ṣe ṣe é, ó tó. Ṣùgbọ́n tí ẹ́ńjìnnì tó ń yí 8,000 ní ìṣẹ́jú kan bá wá ń yí 10,000, agbára tí pístìnì fi ń fa kọnróòdù á ju ìlọ́po kan àtààbọ̀ ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ wá tún já klọ́ọ̀ṣì lójijì kí táyà iwájú lè gbéra, pínì yẹn lè yí díẹ̀ nínú ihò ẹ̀. Díẹ̀ yẹn ti ba nǹkan jẹ́, torí kíránkì ò ní yí gún mọ́, á máa yí ségesège, á sì máa jẹ bẹ́ríǹ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Tọ́kúnbọ̀, ẹ má rà á fún eré sísá. Ẹ ò mọ ohun tójú ẹ̀ ti rí, ó tán.

Tuntun tó ń ti Ṣáínà wá ló rọrùn jù, kọnróòdù àti bẹ́ríǹ ti wà lórí ẹ̀, ẹ kàn máa gbé e sínú ẹ́ńjìnnì ni. Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Mo gbé méjì látinú páálí kan náà ní Tréèdì Féà, mo gbé wọn lọ wọ̀n, ọ̀kan yí gún dé 0.02 mm, èkejì ń yẹ̀ tó 0.09, bẹ́ẹ̀ ojú lásán ò lè fìyàtọ̀ sí wọn rárá. Èmi ò kí ń gbà kó ju 0.03 lọ fún báìkì tó máa sáré, ìyẹn ò tó ìnípọn irun orí kan. Torí náà tẹ́ ẹ bá máa rà á, ẹ fowó títọ́ ẹ̀ kún un lọ́kàn yín.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni kẹ́ ẹ lo kíránkì tó bá báìkì yín wá, kẹ́ ẹ ra kọnróòdù ojúlówó pẹ̀lú pínì àti bẹ́ríǹ ẹ̀ tuntun, kẹ́ni tó mọṣẹ́ tẹ̀ ẹ́ kó sì tọ́ ọ. Ó wọ́n ju ti Ṣáínà lọ nígbà míì, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ mọ irin tẹ́ ẹ gbé ẹ́ńjìnnì lé. Àmọ́ gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti pínì jáde ni ihò yẹn ń tú díẹ̀ sí i, tí wọ́n bá ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì sẹ́yìn, tí pínì tuntun ń wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ wá òmíì.

Ọ̀rọ̀ jíjó pínì mọ́ra wá ńkọ́? Ó dáa, ó ń ṣiṣẹ́, pínì ò ní lè yí mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa jó o ni gbogbo ẹ̀. Mo gbé tèmi fún ajórin kan ní Mushin nígbà kan, ọwọ́ ẹ̀ dá ṣáṣá nídìí géètì, ó bá jó o yíká. Nígbà tí mo gbà á, ojú pínì ti láwọ̀ aró, èmi náà ò mọ̀ pé àmì burúkú ni. Mo tò ó padà, mo gbéra ní Òjúẹlẹ́gba, kí n tó dé Palmgrove ọwọ́ mi méjèèjì ti kú lórí báìkì nítorí bó ṣe ń gbọ̀n. Ìgbà tá a tú u, ojú pínì ń bó bíi èèpo, iná ti pa líle ara ẹ̀. Bó ṣe yẹ kó rí ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ tọ́ ọ dáadáa, kí wọ́n wá fi ẹ̀rọ ìjórin tó ń lo gáàsì argon jó o lójú ìta, ojú méjì tàbí mẹ́ta kéékèèké ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kó máa tutù láàárín, kí wọ́n sì tún un wọ̀n lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ tún mọ̀ pé lọ́jọ́ tí kọnróòdù bá bàjẹ́, ẹ máa kọ́kọ́ lọ ojú jíjó yẹn kúrò ná. Tẹ́ ẹ ò bá kí ń já klọ́ọ̀ṣì, ẹ fi sílẹ̀.

Kíránkì tó ń jẹ́ kí pístìnì rìn jìnnà sí i, òun ni wọ́n ń polówó jù. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Pístìnì CG125 fẹ̀ tó 56.5 mm, ó ń rìn 49.5 mm, ìyẹn 124 cc. Tẹ́ ẹ bá fi 4 mm kún ìrìn ẹ̀, 134 cc lẹ máa rí. Ẹ fi ìrìn yẹn sílẹ̀, kẹ́ ẹ lo pístìnì 62 mm pẹ̀lú sílíńdà ẹ̀, 149 cc nìyẹn. Èyí tó rìn jìnnà máa ń lágbára láti ìsàlẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ pístìnì á yọrí 2 mm sókè ju bó ṣe wà lọ, ẹ gbọ́dọ̀ fi irin pẹlẹbẹ gbé sílíńdà sókè tàbí kẹ́ ẹ wá pístìnì tí ihò pínì tó so ó mọ́ kọnróòdù ga, ẹ tún máa wò ó bóyá kọnróòdù ń kan ara ẹ́ńjìnnì. Owó lórí owó ni.

Ẹ̀yin oníbáìkì ńlá, ọ̀rọ̀ yín yàtọ̀. Kawasaki Z1 ti 1972 àti Suzuki GS1000, kíránkì tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ ni tiwọn, wọ́n máa ń jó wọn tí wọ́n bá fẹ́ fi wọ́n díje. Hayabusa ò rí bẹ́ẹ̀, odidi irin kan ni kíránkì ẹ̀, kò sí pínì tí ẹnikẹ́ni máa jó níbẹ̀, kọnróòdù àti bẹ́ríǹ ni kẹ́ ẹ náwó lé.

Tẹ́ ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ di kọnróòdù mú lọ́wọ́ kan, ẹ fà á sókè sísàlẹ̀. Tó bá yẹ̀ díẹ̀ sápá ọ̀tún òsì, ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Tó bá dún kọ́ sókè sísàlẹ̀, ẹ dá a padà fún un. Ẹni tó bá sì máa bá yín tọ́ ọ, ẹ dúró tì í nídìí gẹ́ẹ̀jì tí wọ́n fi ń wọn bó ṣe ń yẹ̀, kẹ́ ẹ rí abẹ́rẹ́ yẹn fúnra yín ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kó kọ nọ́ńbà méjèèjì sínú ìwé kẹ́ ẹ tó sanwó.