Ẹ Yẹ Inú Rẹ̀ Wò Kí Ẹ Tó Sanwó: Àgbéyẹ̀wò Ìwé Fahrenheit 451

Ẹ̀dà méjì ìwé Fahrenheit 451 ti Ray Bradbury ni mo fi sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí tábìlì mi ní oṣù tó kọjá: ọ̀kan jẹ́ tuntun, ẹlẹ́yìn rírọ̀, tí mo fi owó mi rà, èkejì jẹ́ ògbólógbòó tí ọ̀rẹ́ mi kan yá mi. Mo ń kà wọ́n pọ̀ ní ìpínrọ̀ sí ìpínrọ̀, nítorí mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé wọ́n gé ọ̀rọ̀ kan kúrò nínú ìwé yìí nígbà kan rí. Nígbà tí mo dé ibi tí ẹ̀dà tuntun ti sọ̀rọ̀ nípa ọ̀mùtí kan, mo rí i pé aláìsàn ni ọkùnrin náà jẹ́ nínú ẹ̀dà àtijọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé ó yẹ kí n kọ àgbéyẹ̀wò yìí fún ẹni tó bá fẹ́ ra ìwé náà.

Nínú ìtàn yìí, tí ó jẹ́ ti ọjọ́ iwájú ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti ń kọ́ gbogbo ilé lọ́nà tí iná kò fi lè mú un mọ́, àwọn panápaná kò sì níṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, ni ìjọba bá fi wọ́n sí ìdí iṣẹ́ mìíràn: kí wọ́n máa sun ìwé àti ilé tí wọ́n bá ti rí ìwé. Guy Montag ti ṣe iṣẹ́ yìí fún ọdún 10, òórùn kẹrosíìnì sì ti dà bí lọ́fínńdà fún un. Orúkọ tí àwa Yorùbá ń pe òṣìṣẹ́ yìí sọ iṣẹ́ rẹ̀ láìfi ohunkóhun bò, torí ẹni tí ń pa iná ni. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ kàn sọ pé ènìyàn iná ni, kò sọ bóyá ó ń pa iná ni tàbí ó ń dá a, ibẹ̀ gan-an ni òǹkọ̀wé gbà wọlé. Ẹni tó bá túmọ̀ ìwé yìí sí Yorùbá lọ́jọ́ kan yóò ní láti kọ ọ́ pé panápaná ń dáná sunlé, mo sì gbà pé ìtakora yẹn yóò bá òǹkàwé wa lára ju bó ṣe ń bá àwọn tó ni èdè náà lọ.

Ibi tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ibi tí Beatty, ọ̀gá àwọn panápaná, ti jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn Montag tó ń ṣàìsàn, tó sì ń ṣàlàyé bí gbogbo rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Èmi ti ń retí pé yóò sọ pé aláṣẹ kan ló dìde tó fòfin de ìwé. Ohun tó sọ ni pé àwọn ará ìlú fúnra wọn ló kọ́kọ́ pa ìwé tì. Wọ́n gé àwọn ìwé ńláńlá kúrú títí wọ́n fi di ètò ìṣẹ́jú 15 lórí rédíò, lẹ́yìn náà wọ́n di ohun tí ènìyàn lè kà tán ní ìṣẹ́jú méjì, títí wọ́n fi di ìlà 10 tàbí 12 nínú ìwé atúmọ̀. Olúkúlùkù ń bẹ̀rù kí ọ̀rọ̀ kan má dun ẹnì kan, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kí ọmọ ẹlòmíràn mọ̀wé ju tirẹ̀ lọ ní kíláàsì, débi pé nígbà tí ìjọba fi máa dá sí i, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. A mọ̀ pé ìka kò dọ́gba; ìlú yìí wá pinnu pé òun yóò gé èyí tó bá gùn.

Mildred, ìyàwó Montag, ni ẹni tí gígé náà ti bá tán. Ògiri mẹ́ta nínú pálọ̀ rẹ̀ ló jẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ó ń pe àwọn tó ń rí níbẹ̀ ní ẹbí òun, ó sì fẹ́ kí wọ́n ra ìkẹrin tí owó rẹ̀ jẹ́ dọ́là 2,000, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́ta owó tí ọkọ rẹ̀ ń gbà lọ́dún. Ní òru, ó máa ń ki rédíò kékeré bí ìkarahun sí etí méjèèjì. Ọdún 1953 ni ìwé yìí jáde, ẹ rántí o. Ní òdìkejì ni Clarisse wà, ọmọ ọdún 17 tí iléèwé kà sí ẹni tí kò mọ ẹgbẹ́ ṣe nítorí pé ó máa ń béèrè ìdí nǹkan. Òun ló bi Montag léèrè bóyá inú rẹ̀ ń dùn, ìbéèrè kékeré yẹn ló sì fọ́ ìgbésí ayé ọkùnrin náà. Mo fẹ́ràn ọmọbìnrin yìí gan-an, ó sì dùn mí pé òǹkọ̀wé tètè mú un kúrò nínú ìtàn, bí ẹni pé iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó jí ọkùnrin kan lójú oorun lọ. Ìyá àgbà tó kọ̀ láti jáde nínú ilé rẹ̀, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣá iná sí àárín àwọn ìwé rẹ̀, kò lò ju ojú ìwé díẹ̀ lọ pẹ̀lú, síbẹ̀ mi ò lè gbàgbé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ọ̀mùtí tó di aláìsàn. Bradbury tẹ ìwé náà nínú yàrá abẹ́lẹ̀ kan ní ilé ìkàwé Yunifásítì California ní Los Angeles, lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí wọ́n ń yá ènìyàn ní sẹ́ǹtì 10 fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, gbogbo owó tó ná sí i sì jẹ́ dọ́là 9.80. Ní ọdún 1967, Ballantine, tó kọ́kọ́ gbé ìwé náà jáde, ṣe ẹ̀dà kan fún àwọn iléèwé girama. Láìsọ fún òǹkọ̀wé, wọ́n tún nǹkan ṣe ní ibi 75: wọ́n yọ èébú, wọ́n yọ ọ̀rọ̀ nípa oyún ṣíṣẹ́, wọ́n sì sọ ìdọ̀tí inú ìdodo tí wọ́n ń nù di etí nínù. Láti ọdún 1973 títí di 1979, ẹ̀dà gígé nìkan ni wọ́n ń tà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló kọ̀wé sí Bradbury láti sọ fún un, ó sì ní kí wọ́n dá gbogbo rẹ̀ padà bó ṣe wà, ó tún fi ọ̀rọ̀ ìparí kan kún un. Nítorí náà, ẹ yẹ ẹ̀yìn ìwé wò fún ọ̀rọ̀ ìparí ọdún 1979 yẹn, àgàgà tó bá jẹ́ ògbólógbòó ni ẹ fẹ́ rà. Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ wá ibi tí ọ̀mùtí náà wà.

Mi ò fara mọ́ gbogbo ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ ìparí náà. Ó fi ìbínú kan náà lu olóòtú tó gé ìwé rẹ̀ ní kọ̀rọ̀ àti òǹkàwé tó kọ̀wé sí i pé kí ó fi obìnrin púpọ̀ sí i sínú ìwé rẹ̀ mìíràn. Ẹni tó bá wí fún òǹkọ̀wé ní gbangba pé òun kò rí ara òun nínú iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì ṣá iná sí nǹkan kan. Àwíyé Beatty náà ní àléébù yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Beatty kì í ṣe ẹni tí a gbọ́dọ̀ gba gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́.

Ní apá ìkẹyìn, Montag sá gba inú odò kọjá, ó sì bá àwọn ènìyàn tó fi orí pa ìwé mọ́; apá kan Ìwé Oníwàásù ni ti Montag. Àwọn olùyẹ̀wò mìíràn ka apá yìí sí àlá lásán. Èmi tí mo wá láti ibi tí àwọn babaláwo ti ń gbé ẹsẹ Odù 256 sínú orí láti ìran dé ìran kò rí àlá nínú rẹ̀ rárá. Ohun tí mo kàn ń wá ni ọ̀pọ̀ ọdún ìkọ́ṣẹ́ tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń gbà, tí òǹkọ̀wé fi ìlà díẹ̀ kọjá.

Ní ti ẹ̀dà tuntun mi, lẹ́tà inú rẹ̀ kéré, kò sì rọrùn láti kà lálẹ́, àmọ́ bébà rẹ̀ dára, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì pé. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ ẹ̀yìn rẹ̀ kò lágbára. Àwọn ojú ìwé ibi ìyá àgbà ti já kúrò kí n tó kà á tán. Mo ti fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán wọn padà.