Agolo oúnjẹ ẹyẹ tí ọ̀kẹ́rẹ́ ò rí jẹ: ọdún kan àti oṣù méjì tí mo ti ń lò ó

Oṣù kọkànlá ni màmá mi dé láti Abẹ́òkúta wá bá wa tọ́jú ọmọ tuntun ní Virginia, òtútù ò sì jẹ́ kí wọ́n lè yọjú síta. Ìdí fèrèsé ilé ìdáná ni wọ́n ń jókòó sí. Kí wọ́n lè rí nǹkan máa wò, mo ra agolo oníke olówó pọ́ọ́kú kan, mo da irúgbìn sunflower dúdú sí i, mo sì so ó rọ̀ sára igi ẹ̀yìnkùlé. Lọ́jọ́ kejì ni cardinal, ẹyẹ pupa tí Virginia fi ṣe ẹyẹ ìpínlẹ̀ wọn, bà sí i. Ṣe ni màmá ké sí mi: "Wá wo ẹyẹ tó wọ àlàárì!"

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ọ̀kẹ́rẹ́ fi dé. Ó jẹ ike náà lu, ó kó irúgbìn tán, àwọn ẹyẹ ò sì wá mọ́. Ó dùn mí gan-an, nítorí màmá náà ò jókòó sídìí fèrèsé mọ́.

Bí mo ṣe ra èyí nìyẹn, agolo tó ń ti ara rẹ̀ pa bí ohun tó wúwo bá gùn ún. Nǹkan bíi 90 dọ́là ni. Irin tí ẹyẹ ń bà lé so mọ́ sípíríǹgì. Bí ìwúwo bá tẹ̀ ẹ́, èèpo ìta á sọ̀ kalẹ̀ bo ihò oúnjẹ. Cardinal ò ju nǹkan bíi 45 gíráàmù lọ, chickadee, ẹyẹ kékeré kan, ò tó 15, ṣùgbọ́n ọ̀kẹ́rẹ́ eléérú ti ibí máa ń wọn 400 sí 600. Kò nílò bátìrì rárá. Ẹ sì lè yí sípíríǹgì náà kó le tàbí kó dẹ̀.

Síbẹ̀, lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ọ̀kẹ́rẹ́ jẹun níbẹ̀. Ẹ̀bi tèmi ni: ara ẹ̀ka igi ọjọ́sí ni mo tún so ó rọ̀ sí. Ọrùn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọ̀kẹ́rẹ́ máa ń yí sẹ́yìn, ìyẹn ló fi ń sọ̀ kalẹ̀ lára igi ní dídorí kodò. Ó fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn di ẹ̀ka mú, ó na ọwọ́ sí ihò oúnjẹ, kò fara kan irin náà rárá. Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ibi tí ẹ máa gbé e sí ṣe pàtàkì ju agolo fúnra rẹ̀ lọ.

Mo ra òpó irin, mo gbé agolo náà kọ́ orí rẹ̀, mo fi páànù róbótó gígùn kan yí òpó náà ká kí ọ̀kẹ́rẹ́ má lè gùn ún, orí páànù náà sì ga tó ẹsẹ̀ bàtà 5 sílẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ lè fò sókè tó ẹsẹ̀ bàtà 4, ó sì lè fò lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó 8 sí 10. Mo rò pé mo ti jìnnà sí igi tó, àmọ́ ó tún dé ibẹ̀. Màmá tó ń ṣọ́ ọ láti ojú fèrèsé ló rí i pé orí ọgbà onípákó ló ti ń fò: "Má wo igi, ọgbà ni kó o wò." Mo sún òpó náà títí ó fi jìnnà sí ọgbà ní ẹsẹ̀ bàtà 11. Láti ọjọ́ náà, kò tíì débẹ̀. Wọ́n ní ọ̀kẹ́rẹ́ gun ìrókò, ojú ọdẹ dá. Ìrókò tiwa yìí ò ṣeé gùn.

Ẹnì kan gbà mí níyànjú pé kí n fi òróró pa òpó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Òróró tó bá kan ìyẹ́ ẹyẹ kì í ṣí bọ̀rọ̀, ẹyẹ tí ìyẹ́ rẹ̀ bá sì lẹ̀ mọ́ra ò lè fara da òtútù.

Màmá ló mú ọ̀rọ̀ ata wá, kí n tó mọ̀ pé wọ́n ń ta irúgbìn tí wọ́n ti pò mọ́ ata. Ata kì í ta ẹyẹ bó ṣe ń ta àwa àti ọ̀kẹ́rẹ́. Wọ́n ní, "Àbí ta ló gbin ata wẹ́wẹ́ tó ń hù lẹ́yìn ilé wa?" Mo dán an wò. Ó ṣiṣẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó wọ́n, eruku rẹ̀ sì ń ta lójú. Mi ò lè fi irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ gbé ọmọ jòjòló. Mo pa á tì.

Àléébù agolo yìí ni pé bí òjò bá dì mọ́ ọn lára, èèpo ìta kì í lọ sókè-sódò mọ́, àfi kí n gbé e wọlé kó yọ́. Ó rọrùn láti tú palẹ̀ fọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni mò ń fọ̀ ọ́, bílíìsì ìwọ̀n 1 sí omi ìwọ̀n 9, mo sì ń jẹ́ kó gbẹ dáadáa, nítorí àìsàn ojú máa ń ràn láàárín àwọn ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní house finch níbi tí wọ́n bá ti ń jẹun pọ̀. Irúgbìn tó bá bọ́ sílẹ̀ ni ọ̀kẹ́rẹ́ ń ṣà jẹ báyìí, mi ò bá a jà lórí ìyẹn.

Bó bá bàjẹ́ lónìí, irú rẹ̀ náà ni màá tún rà. Màmá ti padà sí Abẹ́òkúta láti oṣù karùn-ún. Bí mo bá pè wọ́n ní fídíò, tí wọ́n bá ti rí ọmọ tán, ẹyẹ alálàárì ni wọ́n ń béèrè, màá sì yí fóònù sí fèrèsé.