Foden àti ERF: Ilé-iṣẹ́ Ọkọ̀ Akẹ́rù Méjì Láti Ìdílé Kan

Ìlú Sandbach, ní àríwá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ilé-iṣẹ́ méjèèjì ti ṣẹ̀. Foden ló ṣáájú, ọkọ̀ akẹ́rù tí ooru omi híhó ń mú rìn ló sì sọ ọ́ di olókìkí. Nígbà tí Edwin Richard Foden, ọmọ olùdásílẹ̀, rí i pé ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ni yóò borí, tí ohùn àwọn alákòóso kò sì ṣọ̀kan lórí rẹ̀, ó yà kúrò, ó sì dá ERF sílẹ̀ ní 1933.

ERF a máa ra ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ ẹlòmíràn, Gardner ní ìbẹ̀rẹ̀, Cummins lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n Foden fẹ́ràn láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe tirẹ̀. Ní 1948 ó gbé ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kan jáde tó fúyẹ́ gan-an, tí ariwo rẹ̀ kò sì jọ ti ọkọ̀ mìíràn. Lójú tèmi, ọ̀nà ERF ló bọ́gbọ́n mu jù fún oníṣòwò, nítorí pé mẹkáníìkì tó bá ti mọ Gardner yóò mọ̀ ọ́n tún ṣe, àmọ́ ọgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ Foden ló wú mi lórí jù.

Gbèsè ló kọ́kọ́ wó Foden: Paccar ti Amẹ́ríkà rà á ní 1980, ó sì pa orúkọ náà rẹ́ ní 2006. Western Star ti Kánádà ra ERF ní 1996. MAN ti Jámánì gbà á ní 2000, kó tó rí i pé wọ́n ti yí ìwé ìṣirò owó rẹ̀. Ní 2007, ERF náà kógbá wọlé.