Ẹ̀rọ Skinner àti Ìjàpá Papert

Ní ọdún 1953, B. F. Skinner, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ní Yunifásítì Harvard, lọ wo kíláàsì ìṣirò ọmọ rẹ̀, ó sì rí i pé àwọn ọmọ kì í tètè mọ̀ bóyá ìdáhùn wọn tọ̀nà. Ẹ̀rọ ìkọ́ni tí ó ṣe lẹ́yìn náà gé ẹ̀kọ́ sí wẹ́wẹ́, ó sì ń fi èsì han ọmọ lójú ẹsẹ̀.

Seymour Papert, tí a bí ní Gúúsù Áfíríkà ní 1928, tí ó sì bá Jean Piaget, onímọ̀ nípa bí ọmọdé ṣe ń ronú, ṣiṣẹ́ ní Geneva kí ó tó dé MIT, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ kan ní Amẹ́ríkà, ní tirẹ̀ gbà pé ọmọ ni ó yẹ kí ó máa pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Nínú Logo, èdè kọ̀ǹpútà tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1967, tí ìjàpá (ẹ̀dá tí ọmọ Yorùbá ti mọ̀ dáadáa nínú àlọ́, àmọ́ níhìn-ín ó jẹ́ ohun kékeré tí ń fa ìlà bí ó ti ń rìn) wá dé inú rẹ̀ lẹ́yìn náà, ọmọ tí ó fẹ́ ya onígun mẹ́rin yóò ní kí ìjàpá rìn síwájú, kí ó sì yí ní ìwọ̀n 90, lẹ́ẹ̀mẹrin. Bí àwòrán bá wọ́, ọmọ fúnra rẹ̀ ni yóò wá àṣìṣe náà rí.

Ti Papert ni mo fara mọ́, nítorí àṣìṣe di ohun tí ọmọ ń yẹ̀ wò láìtijú. Síbẹ̀, fún ìsọdipúpọ̀ tí ọmọ gbọ́dọ̀ mọ̀ sórí, ọ̀nà Skinner yá jù, nígbà tí Logo ń fẹ́ olùkọ́ onísùúrù tí ó lè jókòó ti ọmọ láìsọ ìdáhùn fún un.