Lightroom àbí darktable: èwo ni kí ayàwòrán mú?

Áàpù tí a fi ń tún fọ́tò ṣe lórí kọ̀ǹpútà ni méjèèjì. Oṣooṣù ni Lightroom ń gbowó. Lightroom 6 tó jáde ní 2015 ni èyí tó gbẹ̀yìn tí èèyàn lè sanwó ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kó sì di tirẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni darktable láti 2009.

Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ yìí lè wúwo lórí kọ̀ǹpútà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣí fọ́tò ìgbéyàwó kan nínú ẹ̀, mo fẹ́ kí gèlè ìyá ìyàwó tàn díẹ̀ sí i. Mo ka ení, èjì, ẹ̀ta kí àwòrán tó yí padà. Ọwọ́ mi ni àṣìṣe wà: n kò tíì tan OpenCL, ohun tó ń jẹ́ kí darktable lo káàdì àwòrán (graphics card), nínú preferences, káàdì inú kọ̀ǹpútà mi wá jókòó lásán. Mo fi dírafà tuntun (software tó ń darí káàdì náà) sí i, mo tan OpenCL, ara mi balẹ̀. Ẹ fi “diffuse or sharpen”, irinṣẹ́ tó ń mú fọ́tò rọ̀ tàbí já gaara, sí ìkẹ́yìn iṣẹ́ o, ó ń jẹ agbára gan-an.

Bí Lightroom bá ń fà, ẹ ṣe Smart Preview: ẹ̀dà kékeré tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó gùn jù kò ju píksẹ́lì 2540 lọ. Òun lẹ ó máa tún ṣe dípò RAW, fáìlì ńlá tó ti inú kámẹ́rà wá. Select Subject rẹ̀ náà dára: ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó yọ ìyàwó sọ́tọ̀. Nínú darktable, àwọ̀ ni mo fi ń mú nǹkan. Parametric mask, irinṣẹ́ tó ń yan apá fọ́tò nípa àwọ̀, ń kó gbogbo aṣọ ẹbí aláwọ̀ ewé papọ̀, mo fẹ́ràn ìyẹn púpọ̀.

Bí ẹ bá ń yàwòrán òde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ dúró ti Lightroom. Bí iṣẹ́ ò bá tíì pọ̀, ẹ mú darktable, ṣùgbọ́n ẹ sọ fọ́tò àtijọ́ di TIFF (fáìlì tó ti gbé àtúnṣe yín dání) kí ẹ tó kúrò ní Lightroom, torí gbogbo àtúnṣe ibẹ̀ kọ́ ló máa bá yín dé ọ̀hún.